Wọ́n Tà Á Fún Wa Bí Ajá Kékeré, Ó Ti Di Ajá Tí Òfin Kò Fẹ́: Kí Ni Ká Ṣe?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Ní ìparí ọdún 2024, ọmọkùnrin mi ra ọmọ ajá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó tà á fún un ní "pocket bully" ni, pé kò ní ga ju orúnkún lọ. Bingo la sọ ọ́. Ó ti dàgbà báyìí, orí rẹ̀ tóbi, àyà rẹ̀ fẹ̀, tó bá sì fa okùn èmi ò lè dá a dúró. A wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 53 ní èjìká. Kò gé ẹnikẹ́ni jẹ rí, ṣùgbọ́n ó fò mọ́ fẹ́ǹsì nígbà tí aládùúgbò wa ń kọjá, obìnrin náà sì ní òun máa pe ọlọ́pàá. Àbúrò mi ní ká fi í ránṣẹ́ sí òun n'Íbàdàn kó máa bá òun ṣọ́lé. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan ní Birmingham ní òun máa gbà á. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ní ká kàn máa mú un jáde lóru. Ọmọ-ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin sì máa ń wá sọ́dọ̀ wa lópin ọ̀sẹ̀. Kí ni ká ṣe? Irú òfin wo tiẹ̀ ni èyí tó ń wo ojú ajá kó tó dájọ́ fún un?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìnira. Ibi tó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe Bingo, ó ṣeé ṣe gan-an kí ọlọ́pàá kà á sí XL Bully, irú ajá ńlá kan tí òfin ilẹ̀ yìí ti kà léèwọ̀ fún ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Tí wọ́n bá kà á bẹ́ẹ̀, kò sí ìwé ẹ̀rí tí ẹ lè fọwọ́ ara yín gbà fún un mọ́. Ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2024 ni wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀ pa ní England àti Wales, wọn ò tíì bí Bingo nígbà yẹn. Ilé-ẹjọ́ nìkan ló kù tó lè fàyè gbà á kó máa gbé lọ́dọ̀ yín lábẹ́ òfin. Ọ̀nà yẹn ṣì wà, àwọn ènìyàn sì ń gbà á. Àmọ́ ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀ sàn lójú adájọ́ ju ẹni tí wọ́n wá ká mọ́lé lọ, ìmọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n sì fún yín ló máa dínà yẹn mọ́ yín.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ tún ajá náà wọ̀n. Kó dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kì í ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì tó rọ̀. Ẹ fi rúlà tàbí igi tó gún lé ibi tó ga jù ní èjìká rẹ̀, níbi tí ọrùn ti wọnú ẹ̀yìn, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀ dé ilẹ̀. Orí rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yẹn. Ìlànà tí ìjọba gbé jáde ní akọ tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 51, ìyẹn íǹṣì 20, ti dé ìwọ̀n XL Bully. Abo tó bá sì ga tó 48, íǹṣì 19, ti dé e. Gíga nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n máa wo bí orí ṣe wúwo tó, bí ẹnu ṣe rí, bí ọrùn ṣe nípọn, bí àyà ṣe fẹ̀, bí egungun ẹsẹ̀ ṣe tóbi. Ajá tó bá ga tó ìwọ̀n yẹn, tó sì ní púpọ̀ nínú àwọn àmì yòókù, ló bọ́ sábẹ́ òfin. Ajá tí kò bá ga tó o kò bọ́ sábẹ́ rẹ̀, bó ti wù kí orí rẹ̀ tóbi tó. Nítorí náà, sẹ̀ǹtímítà méjì péré ló wà láàárín yín àti ìfọ̀kànbalẹ̀, ó sì tọ́ kí dókítà ẹranko yín bá yín wọ̀n ọ́n, kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé, "Ìwé tó bá a wá kò pè é bẹ́ẹ̀." Ìwé ìran ajá kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níbí, àyẹ̀wò DNA náà kò gbà á sílẹ̀. Òfin Ajá Eléwu ti ọdún 1991 ń sọ̀rọ̀ nípa bí ajá ṣe rí, kò sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó bí i. Àwọn ọmọ ìyá kan náà lè wà kí òfin mú ọ̀kan kó sì fi èkejì sílẹ̀. Ohun tó tún yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé tí ọlọ́pàá bá ti sọ pé irú ajá yẹn ni, ẹ̀yin lẹ máa mú ẹ̀rí wá pé kì í ṣe òun. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọn kì í dúró de ọlọ́pàá kó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú àwọn ẹjọ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú kí àbúrò yín sọ ọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2023, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ta XL Bully, láti fi í ṣe pàṣípààrọ̀, láti fi í tọrẹ, láti mú kó bímọ, tàbí láti já a sílẹ̀ sígboro. Bí ẹ bá fi í ta àbúrò yín lọ́rẹ, ẹ̀ṣẹ̀ tuntun lẹ fi kún ti tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé òfin tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí ẹ wo ajá fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í gba irú ajá báyìí, nítorí imú rẹ̀ kúrú, ooru sì tètè máa ń dá a lágara nínú àpótí. Tó bá tiẹ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀, ajá tó dàgbà nínú pálọ̀ yín máa di ajá ẹnu géètì. Wọ́n á so ó mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án nínú oòrùn, wọ́n á tú u sílẹ̀ lóru, àwọn ọmọdé àdúgbò á máa jù ú lókùúta láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. Ìlú tí dìgbòlugi ṣì ń pa ènìyàn ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá; ọmọ àbúrò yín ló máa wà níwájú ajá náà lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò bá gbà á mọ́.

Birmingham kò yàtọ̀. Ẹni tó fún ni jẹ̀bi, ẹni tó gbà á náà ti ní ajá tí kò ní ìwé lọ́wọ́, òun náà jẹ̀bi. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé Scotland rọrùn, ẹ má gbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ òfin tiwọn ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2024, ó sì di ẹ̀ṣẹ̀ láti ní in láìní ìwé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Northern Ireland tẹ̀ lé wọn, Orílẹ̀-èdè Ireland náà ṣe tirẹ̀.

Ní ti mímú un jáde lóru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Níní ajá náà láìní ìwé ni ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́, yálà ó wà nínú pálọ̀ tàbí ó wà ní páàkì. Ó lè já sí ẹ̀wọ̀n títí dé oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò ní gègé, tàbí méjèèjì. Ní gbangba, ọlọ́pàá lè gba ajá náà lójú ẹsẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ kankan, nígbà tó jẹ́ pé kí wọ́n tó lè wọlé yín wá gbà á, wọ́n ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ adájọ́. Ṣé ẹ rí i pé òru kò gbà wá? Àti pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Aládùúgbò yín ti rí ajá náà ná.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí, mo sì fẹ́ kó jẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Dókítà ẹranko ni mí, èmi kì í ṣe lọ́yà, nítorí náà lọ́yà ló kàn. Kì í ṣe lọ́yà tó bá yín ṣe ìwé ìgbélùú o. Ẹ wá èyí tó ń gba ẹjọ́ ajá, wọ́n wà, wọ́n sì mọ ara wọn. Òun ló máa bá yín kàn sí ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Dog Legislation Officer, ìyẹn ọlọ́pàá tí wọ́n kọ́ nípa irú àwọn ajá wọ̀nyí. Òfin fún ọlọ́pàá láàyè láti gbé ọ̀rọ̀ ajá lọ sílé-ẹjọ́ májísíréètì láìfi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan ẹni tó ni ín, ibẹ̀ ni lọ́yà yín sì máa fẹ́ kó já sí. Ní àwọn àgbègbè kan, ọlọ́pàá lè jẹ́ kí ajá dúró sílé lábẹ́ àwọn ìlànà líle títí ẹjọ́ á fi parí. Ní ibòmíràn wọ́n á gbé e lọ sí àgọ́ ajá, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí èyí tó máa jẹ́ tiyín, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹni tó fara hàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń rò dáadáa sí.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbàgbé bí ọlọ́pàá bá dé kí ẹ tó rí lọ́yà. Wọ́n lè gbé fọ́ọ̀mù kan fún yín pé kí ẹ fọwọ́ sí i, pé ẹ ti fi ajá sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ajá náà, wọ́n sì máa pa á. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ẹ ò ní fọwọ́ sí ohunkóhun kí ẹ tó bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ má bá wọn fa ajá mọ́ra wọn lọ́wọ́. Mo ti rí ìdílé tó fọwọ́ sí i nítorí ìbẹ̀rù, tí wọ́n rò pé ìwé tó ń sọ pé wọ́n gba ajá lọ fún àyẹ̀wò ni. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Nílé-ẹjọ́, ìbéèrè méjì ló máa gba àkókò jù: ṣé ajá yìí léwu fún àwọn ará ìlú, àti pé ṣé ẹni tó fẹ́ máa tọ́jú rẹ̀ jẹ́ ẹni tó ṣeé fọkàn tán? Adájọ́ máa wo ìwà ajá náà àti ohun tó ti ṣe sẹ́yìn, ó máa wo ilé tó ń gbé, ó máa wo ẹni tó di okùn rẹ̀ mú. Ìyẹn ni ẹ fi gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú lọ́yà kí ẹ sọ òtítọ́ nípa ẹni tó máa dúró bí olùtọ́jú. Bí ọmọ yín bá ní àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, tàbí tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó wà nílé, ó lè jẹ́ ẹ̀yin tàbí ẹlòmíràn nínú ilé ló yẹ kó dúró. Àmọ́ ẹ ti sọ fún mi pé ẹ ò lè dá a dúró tó bá fa okùn. Kò yẹ kí ẹ fi ìyẹn pamọ́ fún lọ́yà yín.

Tí adájọ́ bá gbà, ó máa sọ pé kí wọ́n pa ajá náà àyàfi tí ẹ bá mú àwọn ohun kan ṣẹ láàárín oṣù méjì: kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kí ó ní microchip (ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ajá kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ín), kí ẹ ní ìbánigbófò tó máa san owó fún ẹlòmíràn tí ajá náà bá ṣe léṣe, kí ẹ san £92.40, kí orúkọ rẹ̀ sì wọ ìwé àwọn ajá tí òfin fàyè gbà. Ẹ fara balẹ̀ ka ìbánigbófò yẹn, ẹ rí i dájú pé wọ́n dárúkọ XL Bully nínú rẹ̀, kí ẹ tún un yẹ̀ wò lọ́dọọdún, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti yọ irú ajá yìí kúrò nínú ohun tí wọ́n ń bò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbésí ayé tuntun bẹ̀rẹ̀ fún ajá àti fún yín. Títí ó fi máa kú, kò gbọdọ̀ jáde láìsí okùn lọ́rùn àti ohun ìdínu lẹ́nu, kódà nínú mọ́tò. Ẹni tó di okùn rẹ̀ mú kò gbọdọ̀ kéré sí ọmọ ọdún 16. Bí ẹ bá kó kúrò nílé, ẹ máa sọ fún wọn. Kò sì gbọdọ̀ gbé níbòmíràn ju ọjọ́ 30 lọ láàárín oṣù 12. Mo ń dárúkọ èyí nítorí pé mo mọ àwa ènìyàn wa: ẹni tó bá ń lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní oṣù Kejìlá, ọ̀dọ̀ ta ni ajá máa wà? Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé dúró sílé, tàbí kí ìrìnàjò kúrú.

Ní báyìí, ẹ béèrè pé irú òfin wo ni èyí. Ìbéèrè gidi ni, àwọn tó ń tọ́jú ẹranko náà ti ń béèrè rẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1991, ajá ṣe àwọn ènìyàn kan léṣe gidigidi, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà kan ní Bradford wà lára wọn. Inú bí ará ìlú, Kenneth Baker tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé sì gbé òfin kan wá kíákíá. Ajá mẹ́rin ló wọ inú rẹ̀: Pit Bull Terrier, Japanese Tosa, Dogo Argentino àti Fila Brasileiro. Nígbà yẹn, tí ajá bá ti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn tí kò sì ní ìwé, adájọ́ kò ní nǹkan míì tó lè ṣe ju kó pàṣẹ pé kí wọ́n pa á. Ọdún 1997 ni wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n fún adájọ́ láàyè láti wo ajá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àtúnṣe yẹn ni Bingo fi ní ìrètí lónìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, lẹ́yìn tí ajá pa ọkùnrin kan ní Staffordshire, Rishi Sunak tó jẹ́ olórí ìjọba kéde pé XL Bully máa di ìkarùn-ún. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, ó ti wọnú òfin.

Àwọn ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ajá àti ẹranko nílẹ̀ yìí, bíi RSPCA, Dogs Trust, Blue Cross àti Kennel Club, pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko, ni wọ́n jọ sọ pé ìrísí ajá kọ́ ló yẹ kí òfin máa wò. Wọ́n ní ẹ̀rí láti ibòmíràn. Ilẹ̀ Netherlands fi òfin de pit bull láti 1993, wọ́n sì mú un kúrò ní 2008 nígbà tí wọ́n rí i pé ajá ṣì ń gé ènìyàn jẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ítálì fagi lé ìwé orúkọ àwọn ajá tirẹ̀ ní 2009, ó gbé ẹrù náà lé olówó ajá lórí. Ní Amẹ́ríkà, ìlú Denver ti fi òfin de pit bull láti 1989, àwọn ará ìlú fúnra wọn ló dìbò ní 2020 pé kí wọ́n fi ìwé àṣẹ rọ́pò rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé òfin yìí ń wo ibi tí kò tọ́, ó sì pẹ́ kó tó wò ó. Síbẹ̀ mi ò ní bá àwọn tó ń sọ pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ajá àti ajá lọ. Ajá kékeré ń gé ènìyàn jẹ, mo ní àpá rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ajá tó wúwo tó ọkùnrin àgbàlagbà, tó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi ti Bingo, tó bá gé ènìyàn jẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè jẹ́ pé kò sí ẹ̀ẹ̀kejì. Àwọn ìdílé tó ti sin ènìyàn nítorí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹni tó bá fẹ́ ní ajá, irú yòówù kó jẹ́, kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Northern Ireland ṣì ń ṣe é, £12.50 lọ́dún. Nílẹ̀ England, wọ́n fagi lé tiwọn ní 1987, nígbà tí owó rẹ̀ kò ju pẹ́nì 37 lọ. Látìgbà náà ni ẹnikẹ́ni ti lè dédé ra ajá lórí fóònù bí ẹni ra bàtà.

Ìyá wa, apá òfin tó yẹ kí gbogbo olówó ajá bẹ̀rù jù kì í tilẹ̀ ṣe èyí. Ìpín kẹta òfin 1991 yẹn mú gbogbo ajá, láti orí ajá oko dé orí ajá kékeré tí wọ́n ń pè ní Chihuahua. Tí ajá yín bá kọjá ìkápá lọ́nà tó léwu, tó ṣe ènìyàn léṣe, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún márùn-ún. Tí ènìyàn bá kú, ó lè tó ọdún 14. Kò sì dìgbà tó bá gé ènìyàn jẹ. Tí ẹnìkan bá ní ìdí tó bójú mu láti bẹ̀rù pé ó máa ṣe òun léṣe, ẹ̀ṣẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ẹ wá rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lára fẹ́ǹsì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ má bá aládùúgbò yín jà. Ìbẹ̀rù rẹ̀ tọ́. Ẹ fi pákó dí fẹ́ǹsì náà kí Bingo má lè rí ẹni tó ń kọjá, kó ga ju èyí tí ó lè fò lọ, kí kọ́kọ́rọ́ wà lára géètì ẹ̀yìnkùlé. Kí ó má wà níta láìsí àgbàlagbà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Títí di ọdún 2014, ilé ẹni àti ọgbà ẹni wà lẹ́yìn odi fún ìpín kẹta yìí, kò dé ibẹ̀. Wọ́n ti wó odi náà. Nílé wa, a máa ń ní ajá kí àlejò lè bẹ̀rù, a máa ń kọ ọ́ sára géètì pé kí wọ́n ṣọ́ra fún ajá, a sì rò pé a ti kìlọ̀. Níbí, tí ajá bá gé ẹni tó ń pín lẹ́tà, tàbí nọ́ọ̀sì tó wá tọ́jú ìyá àgbà, tàbí ọmọ ìjọ yín tó wá kí yín, ẹ̀yin lẹ máa dáhùn. Ẹni tó fọ́lé wọlé nìkan ni òfin fún yín láàyè díẹ̀ lé lórí. Ilé-ẹjọ́ gíga ti sọ pé kódà tí ajá bá gé ìka ẹni tó ń ti lẹ́tà bọ ihò ara ilẹ̀kùn, olówó ajá lè jẹ̀bi. Ẹ ra àpótí lẹ́tà síta. Kí ẹ rí i pé microchip rẹ̀ ní àdírẹ́sì yín lọ́wọ́lọ́wọ́ lórí, òfin England ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ajá láti oṣù Kẹrin ọdún 2016. Orúkọ àti àdírẹ́sì yín gbọ́dọ̀ wà lára bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀ náà nígbàkígbà tó bá wà ní gbangba.

Ọmọ-ọmọ yín wá kàn. Títí ọ̀rọ̀ yìí á fi yanjú, Bingo kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ọmọ yẹn. Mi ò sọ pé kí ẹ máa ṣọ́ wọn o. Mo ní kí ilẹ̀kùn wà láàárín wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rin máa ń sáré, ó máa ń pariwo, ó máa ń dì mọ́ ajá lọ́rùn, ojú rẹ̀ sì ga tó ẹnu ajá. Gbogbo rẹ̀ ló lè já ajá láyà. Ajá máa ń sọ̀rọ̀ kó tó gé ènìyàn jẹ, àmọ́ kì í fi ariwo bẹ̀rẹ̀. Á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á lá ètè láìsí oúnjẹ nítòsí, á yán nígbà tí oorun kò kùn ún, funfun ojú rẹ̀ á hàn, lẹ́yìn náà á dúró gbagidi bí ẹni pé kò mí mọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Tó bá kùn, ẹ má nà án. Ajá tí wọ́n ń nà nítorí pé ó kùn máa ń kọ́ láti má kùn mọ́. Lọ́jọ́ kan á kàn gé ènìyàn jẹ láìkìlọ̀, àwọn ará ilé á sì máa sọ pé àwọn ò mọ ohun tó ṣe é.

Ní báyìí tí kò gbọdọ̀ jáde sígboro, ẹ lo àkókò yẹn. Ẹ ra ohun ìdínu tó dà bí agbọ̀n, èyí tó ń jẹ́ kó lè la ẹnu mí, kó sì lè mu omi. Ẹ má ra aláṣọ tó ń fún ẹnu pa. Ẹ máa fi ẹran díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó máa fúnra rẹ̀ ti imú bọ ọ́, lójoojúmọ́, kí ẹ tó de okùn rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ láti rìn pẹ̀lú okùn tó dẹ̀ nínú ẹ̀yìnkùlé. Ẹ pa oúnjẹ rẹ̀ mọ́ sínú nǹkan tí òun fúnra rẹ̀ á ti máa wá a jáde, kí ọpọlọ rẹ̀ má baà ṣófo. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa ìwà ajá wá sílé láti wò ó, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, nítorí ìwé yẹn lè wúlò nílé-ẹjọ́. Ẹ sì má torí ìbẹ̀rù fi ajá pamọ́ fún dókítà ẹranko. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, títẹ̀ lọ́dàá, àkọsílẹ̀ pé ó dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí wọ́n ń yẹ ara rẹ̀ wò: àwọn ìwé wọ̀nyí ló máa sọ̀rọ̀ fún un níwájú adájọ́.

Ó ṣì ku ọ̀rọ̀ kan tó ṣòro. Ó lè jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ bá gbọ́ gbogbo èyí, ẹ̀yin àti ọmọ yín á rí i pé ẹ ò lè gbé e: ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án tí ajá ò ní sáré lójú pápá rí, ìbánigbófò, ẹjọ́, ọmọ-ọmọ tí kò lè wọ pálọ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè bá yín wá ilé mìíràn fún un, òfin kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, dókítà ẹranko lè jẹ́ kó sùn láìní ìrora, kí ọmọ yín wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí orí rẹ̀ wà lórí itan ẹni tó mọ̀. Kò sí ẹni tó yẹ kó bú yín fún ìyẹn. Ọwọ́ ẹni tó tà á fún yín ni ẹ̀bi náà ti bẹ̀rẹ̀: òun ló jẹ́ kí wọ́n bí ọmọ ajá tí òfin ti dè, tó wá fi orúkọ mìíràn tà á.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ tọ́jú gbogbo nǹkan tó tan mọ́ títà yẹn. Kí ọmọ yín má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp kankan rẹ́. Kó tẹ àwòrán ìpolówó náà jáde, àti ẹ̀rí owó tó san, pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lórí wọn. Ẹ fi ìwé dókítà ẹranko kún un, àti àwòrán fẹ́ǹsì lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún un ṣe. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan, kí ẹ gbé e dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ rí lọ́yà.